Ìdáríjì Kò Ní Kí Á Má Bèèrè Ẹ̀tọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Jos, nínú rògbòdìyàn ọdún 2001 àti 2008, ọ̀pọ̀ wa ló pàdánù ẹbí àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn kì í fẹ́ gba Tina Junction kọjá mọ́. A kò bá a wí. Àmọ́ nínú Àdúrà Olúwa, à ń tọrọ ìdáríjì bí àwa náà ṣe ń dárí jini. Lọ́dún 2006, àwọn jàǹdùkú ṣe aya Bíṣọ́ọ̀bù Benjamin Kwashi ti ìjọ Áńgílíkà léṣe nílé wọn ní Jos. Síbẹ̀ ó dárí jì wọ́n. Ìdáríjì kò ní kí ilé ẹjọ́ má fìyà jẹ ọ̀daràn. Ohun tó ní ni pé kí á má di ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan ru gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, kí á má sì fi ẹ̀san ṣe ogún fún ọmọ wa.