Ẹ yé fi ọdún 1957 tàn wá jẹ

1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Láti ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń pín fọ́tò àtijọ́ kiri, tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "nígbà tí ayé ṣì dùn", "nígbà tí Yorùbá ń dá ṣe tirẹ̀". Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká sáà dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà ní 1957, wàhálà parí. Mo ní kí n dákẹ́. Mi ò lè dákẹ́.

2. Ẹni tí ò bá ráyè kà á tán, kókó ọ̀rọ̀ mi rèé: 1957 dára ju bí ẹ ṣe ń sọ lọ, ó sì burú ju bí ẹ ṣe ń sọ lọ. Ẹni tó bá mú apá kan, tó fi apá kejì pamọ́, irọ́ ló ń pa fún wa.

3. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1957, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni lọ́jọ́ kan náà. Awólọ́wọ̀ ni Prẹmíà níbí, Azikiwe ni lọ́hùn-ún. Àríwá dúró di 1959. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó lé ní ọdún mẹ́ta ṣáájú òmìnira 1960 tí gbogbo ayé ń pariwo. Ẹ lọ bi ọmọ girama mẹ́wàá ládùúgbò yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá sọ iye tó mọ̀ ọ́n fún mi.

4. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n o. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olódo. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ń kọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kọjá kí wọ́n tó ní àwọn máa dá a padà. Àwa la wà ní kíláàsì nígbà yẹn. Ẹ̀yin àgbà yọ ìtàn kúrò nínú ìwé wa, ẹ wá ń bú wa pé ọmọ òde òní ò mọ ìtàn. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

5. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa 1957. Ó wà lára àwọn ọmọ tó wọ iléèwé ní January 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1957, ó ti wà ní kíláàsì kẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò rí i wọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ ti kọjá, ọjà ló ń bá ìyá wọn lọ. Títí ẹ̀gbọ́n yẹn fi kú, Màmá àgbà ló ń ka lẹ́tà fún un. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ìjọba ò lè tún ayé ẹnikẹ́ni ṣe. Mo mọ ẹni tó tún tiẹ̀ ṣe.

6. Ọdún yẹn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn náà ni ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Jámánì méjì, Ulli Beier àti Janheinz Jahn, ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ló sì kún inú rẹ̀. Gánà ti gba òmìnira ní oṣù Kẹta. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ó yẹ kí orí rẹ̀ wú. Mi ò bá a jiyàn.

7. Ẹ wá wo eré ìdárayá. Ìdíje bọ́ọ̀lù Áfíríkà àkọ́kọ́ wáyé ní Khartoum ní ọdún náà, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ní Paris, Hogan Bassey fi ẹ̀ṣẹ́ dá Cherif Hamia dúró ní abala kẹwàá, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ti featherweight. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àgbáyé nìyẹn. A ò tíì ní òmìnira, a ti ní ẹni tó lu gbogbo ayé.

8. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Ọmọ ibo ni Bassey? Ọmọ Calabar ni. Okon ni orúkọ rẹ̀.

9. Ní oṣù kan náà tí Bassey ń ja ìjà yẹn, àwọn aṣáájú wa wà ní London níbi ìpàdé lórí òfin ìlú. Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀, Azikiwe wà níbẹ̀, Ahmadu Bello wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwọn sílẹ̀ kí òyìnbó tó lọ, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n: Calabar, Ogoja àti Rivers ní Ìlà-Oòrùn, àwọn ará Middle Belt ní Àríwá, àwọn ará Benin àti Delta lábẹ́ àwa níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, lábẹ́ àwa. "Ìwọ̀-Oòrùn" tí ẹ ń pè ní ilé Yorùbá yẹn, kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń gbé inú ẹ̀.

10. Kí ni wọ́n fún wọn? Ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ Willink, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958: ó ní òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ kankan sílẹ̀. Àwọn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n máa kọ sínú òfin ló fi tù wọ́n nínú.

11. Mo ti ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, "Ẹgbẹ́ Action Group kúkú fọwọ́ sí i." Òótọ́ ni, wọ́n ní kí Midwest dá dúró, ṣùgbọ́n kí Àríwá àti Ìlà-Oòrùn náà gé tiwọn. Àríwá kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kálukú fi ń wo ojú ẹnì kejì. Midwest ò dá dúró títí di 1963. Àwọn èèyàn Bassey ò rí ìpínlẹ̀ gbà títí di oṣù Karùn-ún 1967, sójà ló sì fún wọn, nígbà tí ogun ti dé ẹnu ọ̀nà. A jó nítorí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ Calabar, a ò dá ará ilé rẹ̀ lóhùn.

12. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní 1957, obìnrin Àríwá ò lè dìbò. Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn lọ́dún náà, owó ò tó, ní 1958 wọ́n ní káwọn òbí tún máa sanwó, àwọn ìyá sì tú síta. Ẹ yé sọ̀rọ̀ bíi pé bùrẹ́dì àti bọ́tà ni gbogbo ìlú ń jẹ.

13. Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹni tó ní àlejò ló ba Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́. Àlejò wo? Ní oṣù Kẹta 1957, Akíntọ́lá ló dábàá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó pé ká gba òmìnira ní 1959. Ilé fọwọ́ sí i, òyìnbó ló kọ̀. Nígbà tí Balewa di Olórí Ìjọba àpapọ̀ lọ́dún náà, Akíntọ́lá di mínísítà. Òun àti Awólọ́wọ̀, ẹgbẹ́ kan náà. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, nílé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ẹgbẹ́ kan náà yẹn ń ju àga lu ara wọn. Èkó rí àyè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ṣílẹ̀kùn?

14. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa ṣubú, wọ́n wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Ibi tó wù wọ́n nìkan ni wọ́n wò.

15. Kí ni mo wá fẹ́? Ohun méjì. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní 8 oṣù Kẹjọ 1957, kó mọ̀ pé a ti ṣe ìjọba rí, a sì ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ ní Willink pẹ̀lú, kó mọ̀ pé lọ́dún tí a ń yọ̀ yẹn, aládùúgbò wa ń sunkún, a sì gbọ́. Bí ìbò bá dé tí ẹ bá tún fẹ́ máa fi 1957 lé ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kúrò ládùúgbò, ẹ má da orúkọ ọdún yẹn mọ́ ọn.

16. Mo bi Màmá àgbà léèrè lánàá pé, "Mà, ṣé òótọ́ ni pé ayé dùn nígbà náà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dùn mọ́ èmi, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"