Kòkòrò Ẹ̀yìnkùlé Kì Í Ṣe Kòkòrò Lásán

Bí ọmọ Yorùbá bá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ibi tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ń lọ ni òde ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú àgbà tàbí ìwúyè. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé kámẹ́rà kan náà, tí ó dojúbolẹ̀ gbalaja ní ẹ̀yìnkùlé ní ìdájí, tí ó ń yọ́ tẹ̀ lé aláǹtakùn kan lára ewé ilá, kíá ni àwọn aládùúgbò yóò ti máa wo ara wọn lójú. Wọn yóò ní iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá wá tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá, ẹ̀gàn náà a di ìlọ́po méjì, nítorí àwọn olùkọ́ kan pàápàá yóò sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka bàọ́lọ́jì ni ó ń ṣe, pé kí ó lọ dojú kọ oríkì, òwe àti ewì rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ó ti ń ba nǹkan jẹ́ fún èdè Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì yẹ kí a kò ó lójú.

Ẹ jẹ́ kí a mú òwe méjì tí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kankan. Àwọn àgbà ní labalábá tí ó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ yóò fàya. Wọ́n tún ní àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi òwe méjèèjì gba máàkì nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ alohùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé labalábá kan àti àfòpiná kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. Méjèèjì a di labalábá. Nígbà mìíràn, méjèèjì a di kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tata, ẹlẹ́ǹgà àti eṣú ti di ọ̀kan náà, tí ìjàlọ, ìkamùdù àti tàǹpẹ́pẹ́ sì ti di eèrà lẹ́nu ọmọ ìlú ńlá. Bí ó bá sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè láti wá ìrànlọ́wọ́, “irú kòkòrò kan” ni yóò bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Irú kòkòrò wo? Ìwé kò sọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti kú, tàbí kí ó wà ní abúlé tí ẹnikẹ́ni kò ti lọ bi í.

Àwọn tí ó fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lórúkọ kò fi ojú yẹpẹrẹ wò wọ́n. Ẹni tí ó pe yímiyímí ní orúkọ rẹ̀ ti rí i bí ó ti ń yí imí, tí ó dorí kodò, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ẹrù rẹ̀ lọ. Aláǹtakùn ni ẹni tí ń ta okùn. Àfòpiná ni ẹni tí ń fò láti lọ pa iná. Ọmọ́ńlé ń bá onílé gbé, ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń bá a jẹ ẹ̀fọn. Èyí tí ó ya ni lẹ́nu jù ni lámilámi. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ rí i bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń fara kan ojú odò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìgbà tí ènìyàn ń tọ́ ọbẹ̀ lá. Àkíyèsí náà péye. Ohun tí ojú lásán kò tètè rí ni pé nígbà púpọ̀, kì í ṣe ẹnu ni ó fi ń kan omi. Abo rẹ̀ ni ó ń ti ìdí bọ omi láti yé ẹyin síbẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo tí a yà láti ìtòsí tó láti fi èyí hàn. Orúkọ náà kò sì ní tìtorí rẹ̀ di irọ́; ńṣe ni ìmọ̀ kan yóò gun orí èkejì.

Lẹ́ńsì tí a fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní màkírò, kò ní idán nínú. Lẹ́ńsì tí àwọn ayafọ́tò fi ń ya ìyàwó kò lè sún mọ́ ohun kékeré tímọ́tímọ́. Bí ó bá sún mọ́ ọn, àwòrán a ṣú. Màkírò lè sún mọ́ ọn títí àwòrán tí ó bọ́ sí ojú agbàmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà yóò fi tóbi bákan náà pẹ̀lú ohun tí à ń yà. Nínú kámẹ́rà tí ó bá ìwọ̀n fíìmù àtijọ́ mu, ojú agbàmọ́lẹ̀ yìí jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti mìlímítà 24 ní gíga. Nítorí náà, eṣinṣin tí ó gùn ní mìlímítà 8 a gba ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé, a tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tí ó máa ń mọ́ kedere nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò nípọn rárá. Bí a bá ṣí ojú lẹ́ńsì sí f/8, nǹkan bí mìlímítà 1 péré ni: ojú aláǹtakùn yóò mọ́, ìdí rẹ̀ yóò ṣú. Bí a bá sì dín ojú lẹ́ńsì kù kí ibi tí ó mọ́ lè pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ kò ní tó, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń lo fíláàṣì tí wọ́n fi aṣọ funfun tàbí bébà bò lójú kí ó má baà le jù, tí wọ́n sì ń jáde ní ìdájí. Òtútù òru a mú kí kòkòrò wà lójú kan, ìrì a sẹ̀ sí i lára, kò sì ní lè fò títí oòrùn yóò fi ta sí i.

Èrè ìdájí náà pọ̀. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn labalábá àti àfòpiná ti máa ń yanjú: ìwo orí labalábá rí tín-ín-rín, ó sì ní kókó ní ṣóńṣó, ti àfòpiná sábà máa ń rí bí òwú tàbí bí ìyẹ́ ẹyẹ, láìní kókó. Ẹ̀tù tí ó máa ń kù sí ọmọdé lọ́wọ́ bí ó bá mú labalábá, tí ó rí bí àtíkè, ìpẹ́ ni, tí a tò léra bí páànù orí ilé. Aṣọ tí ó fàya nínú òwe náà sì wà níbẹ̀ lójúkorojú, nítorí labalábá tí ó ti pẹ́ láyé kì í sábà ní apá tí etí rẹ̀ kò ya. Ìrẹ̀ tí ń dún lẹ́yìn ìkòkò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu ni ó fi ń ké, apá rẹ̀ méjèèjì ni ó ń fi ha ara wọn; akọ ni ó ń ké láti fi pe abo, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ sì wà lára ẹsẹ̀ iwájú, nísàlẹ̀ orúnkún. Akéwì tí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ìrẹ̀ fi ń gbọ́rọ̀ kò ní ṣàìrí nǹkan sọ. Aláǹtakùn kékeré kan tún wà tí ó máa ń rìn lójú fèrèsé, tí kì í ta okùn de ẹran, tí ó jẹ́ pé fífò ni ó ń fò mọ́ eṣinṣin. Ojú mẹ́jọ ni ó ní, méjì ńlá wà níwájú, ó sì máa ń kọjú sí ayàwòrán bí ẹni tí ó fẹ́ mọ ẹni tí ó wá kí i. Síbẹ̀, kí ó tó fò, yóò kọ́kọ́ lẹ okùn kan mọ́ ibi tí ó dúró sí kí ó má baà já bọ́. Aláǹtakùn ṣì ni ní tòótọ́.

Àwọn tí ó ní kí ẹ̀ka Yorùbá fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀ka bàọ́lọ́jì ti gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, yàtọ̀ sí iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀ka Yorùbá tí ó bá sọ lónìí pé kòkòrò kì í ṣe iṣẹ́ òun ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ kọ́. Ẹ̀ka bàọ́lọ́jì yóò fi orúkọ Látìn àti ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ; kò sí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ ìkamùdù.

Àwọn mìíràn a ní kí ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ná, bí kò ṣe adìyẹ àti ààtàn? Ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jennifer Owen, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Uganda àti Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun ẹlẹ́mìí inú ọgbà ilé rẹ̀ ní ọdún 1972. Nígbà tí ọgbọ̀n ọdún yóò fi pé, oríṣi ewéko àti ẹ̀dá, ńlá àti kékeré, tí ó ti kọ sílẹ̀ ti di 2,673, kòkòrò ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Òtítọ́ ni pé ó lo pàkúté nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà kan ṣoṣo ni, ní ẹ̀yìn ilé kan ṣoṣo, láàárín ìgboro. Ní Brisbane ní Australia, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan nígbà ìsémọ́lé àrùn kòrónà ní ọdún 2020 pinnu láti ka ohun ẹlẹ́mìí inú ilé àti àgbàlá wọn. Láàárín ọdún kan, wọ́n rí oríṣi 1,150. Ó ju 400 lọ nínú wọn tí ó jẹ́ labalábá àti àfòpiná. Ta ni ó ti ka ti ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ní Ìlọrin, ní Oǹdó tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúro àti ilá ti ń hù léra?

Ní ti owó, òótọ́ ni pé màkírò wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì àtijọ́ tí ó jẹ́ mìlímítà 50, bí a bá fi òrùka rẹ̀ dè é sára kámẹ́rà ní ìdàkejì, a máa sọ kékeré di ńlá dáadáa. Àwọn lẹ́ńsì wẹ́wẹ́ tí a ń há mọ́ ojú fóònù sì wà. Fóònù kò sì wọ́n lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí ó burú jù ni pé nítorí pé kò sí àwòrán ilé, ti òkèèrè ni olùkọ́ ń gbé lọ sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni a lẹ àwòrán labalábá ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́ ojú pátákó, a kọ “labalábá” sábẹ́ rẹ̀, nígbà tí labalábá gidi ń fò wọlé láti ojú fèrèsé kíláàsì náà. Kí ni ọmọ náà yóò kọ́, bí kò ṣe pé èdè rẹ̀ kò ní ilẹ̀ tí ó ń gbé?

Àwọn olólùfẹ́ lẹ́ńsì náà pàápàá ní ẹ̀bi tiwọn. Nítorí pé ibi tí ó ń mọ́ kò nípọn, àwọn kan a máa ya àwòrán púpọ̀, wọn a sì fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí fẹ́ kí kòkòrò má mira rárá. Níbẹ̀ ni àwọn aláìnísùúrù ti ń sọ ọ́ sínú fíríìjì kí ó lè kú sára, tàbí kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdòdó, kí wọ́n wá pè é ní ẹ̀dá inú ọgbà. Kì í ṣe kòkòrò nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 2018, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìmọ̀ Ìṣẹ̀dá ní Lọ́ńdọ̀nù gba ẹ̀bùn padà lórí àwòrán ẹranko ajẹkán kan tí wọ́n ní a yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, nítorí àwọn onímọ̀ wò ó, wọ́n sì gbà pé òkú ẹranko tí a ki nǹkan sí nínú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó yà á sẹ́. Òkú kò lè jẹ́rìí ohun tí alààyè ń ṣe. Ojú lámilámi a máa pàwọ̀ dà bí ó bá ti kú. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn a ká kò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi pe yímiyímí ní yímiyímí, èyí tí ń yí imí lọ́wọ́ ni kí ó dúró dè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá fín oògùn apakòkòrò yí ilé ká ní alẹ́ kò gbọdọ̀ bínú bí kò bá rí nǹkan yà ní òwúrọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹ̀ka Yorùbá kò le. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń lọ sílé fún ọlidé ya ẹ̀dá mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn, láàyè, níbi tí wọ́n wà gan-an, kí ó sì kọ ọjọ́, ìlú àti ewé tí wọ́n bà lé. Kí ó má ṣe dárúkọ wọn fúnra rẹ̀. Kí ó gbé àwòrán náà lọ bá àgbà, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń pe eléyìí?” Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí àti kí ó máa fi ẹnu júwe kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ dúdú kan fún ìyá tí kò mọ èyí tí ó ń wí. Bí orúkọ Èkìtì bá yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́, kí ó kọ méjèèjì. Bí ìyá bá sì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jókòó sí yàrá kí ó máa hun orúkọ tuntun láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ ní òfìfo títí ará Ìgbómìnà tàbí ará Ìlàjẹ kan tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi rí àwòrán rẹ̀.