Ìjókòó Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ibi Ìfiwáyàpamọ́

Ní Ìlọrin lónìí, láti Ọjà Ọba dé Gẹ̀rí Àlímì, ọkọ̀ tó ní ojú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìjókòó kò ṣàjèjì mọ́. Àwọn ọmọ ń wo eré lẹ́yìn, bàbá ń wakọ̀ níwájú, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì gùn lójú ẹnikẹ́ni. A kò bá ìgbádùn jà. Ọ̀nà tí wáyà ń gbà dé ibẹ̀ ni à ń bá jà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí lọ́wọ́ oníwàdùwàdù nìyí: ríwáyà á la awọ ìjókòó, á ti wáyà bọ inú fóòmù, á fà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á so ó mọ́ wáyà àkọ́kọ́ tí ó bá rí tí iná wà lára rẹ̀, á sì fi téèpù wé e. Tẹlifíṣọ̀n tàn, oníbàárà rẹ́rìn-ín, owó bọ́ sápò.

Ṣùgbọ́n ìjókòó ọkọ̀ kì í dúró gbọn-in bí ògiri. Ó ń sún síwá sẹ́yìn lórí irin, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀. Wáyà tí kò ní ààbò yóò máa ha mọ́ irin títí awọ rẹ̀ yóò fi bó. Ọjọ́ tí bàbà inú rẹ̀ bá kan irin ọkọ̀, ó ti bíríìjì nìyẹn. Àwọn kan á ní bátìrì ọkọ̀ kò ju fólítì 12 lọ, kò lè gbé ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bátìrì kan náà ló ń yí ẹ́ńjìnì nígbà tí a bá ń ṣáná sí ọkọ̀, agbára tó ń tú jáde nígbà náà sì ń ju ampere 100 lọ. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá gba inú wáyà tín-ín-rín láìsí fíúsì, wáyà náà á pọ́n bí ẹyín iná nínú fóòmù. Fóòmù ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé. Ta ló jókòó sẹ́yìn? Ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n, tí a sì de bẹ́líìtì mọ́.

Ewu kejì fara pamọ́ ju èyí lọ. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni Volvo àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń wà. Àwọ̀ ìyeyè ni a sábà fi ń dá wáyà rẹ̀ mọ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ríwáyà tó bá gé e, tàbí tó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ń fi ìbọn tó ní ọta nínú ṣeré. Ó lè yìn nígbà tí kò sí ìjàǹbá, ó sì lè kọ̀ láti yìn nígbà tí ìjàǹbá bá dé.

A mọ àwíjàre wọn. Ríwáyà á ní oníbàárà kò fẹ́ san owó iṣẹ́ tó péye. Ìgbà mìíràn wà tó rí bẹ́ẹ̀, ìtìjú sì ni: ẹni tó rówó ra tẹlifíṣọ̀n méjì ń ná owó fíúsì tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ohun tó yẹ kò ṣòro. Ẹ tú bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ ìjókòó. Ẹ fi fíúsì sí ìtòsí ibi tí ẹ ti fa iná. Ẹ ki wáyà bọ inú rọ́bà, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ìjókòó lè sún. Bí àpò afẹ́fẹ́ bá wà nínú ìjókòó, ẹ má là á rárá.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń béèrè ẹ̀rọ panápaná lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì dára. Kí ni yóò ṣe bí ó bá wà nínú búùtù, tí iná sì ti inú ìjókòó sọ? Kí àwọn VIO máa wo abẹ́ ìjókòó kí wọ́n tó buwọ́ lùwé pé ọkọ̀ yẹ fún ojú pópó. Kí àwọn ọ̀gá ríwáyà má sì ṣe fún ọmọṣẹ́ ní òmìnira títí yóò fi mọ iṣẹ́ yìí dájú.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tiwa tún burú ju ti òrùlé lọ: abẹ́ ìdí ọmọ la gbé e sí.