Ìka tó wú: ṣé teguntegun ló kàn ni àbí X-ray?

Jẹjẹrẹ inú eegun ọwọ́ kò wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ kókó tó ń yọ nínú eegun ìka kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìyẹn ló ń mú káwọn èèyàn fojú kéré rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìka bá wú, àwọn kan á ní ó rọ́ ni, ó di ọ̀dọ̀ teguntegun, oṣù á sì máa gorí oṣù.

Tí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ yìí kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Tó bá pẹ́, ọwọ́ tàbí ẹ̀mí lè bá a lọ. Ẹni tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lára eegun rẹ̀ láti kékeré ni kó ṣọ́ra jù.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH àti ti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kókó tó bá ń tóbi sí i, ẹ ya X-ray rẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ wọ́ ọ.