Ọmọ Kì í Ṣe Ẹrù Bọ́ọ̀sì Ìdájí

Ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú, àmọ́ n ó sọ ọ́.

Tí tọkọtaya bá ti ń jà láàrin wa ní Jos níbí, ká tó mọ̀, ọkùnrin á ti kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì ìdájí, ó di Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á ní, "Ta ló lọmọ? Ṣé kì í ṣe bàbá ni?" Ó parí nìyẹn. Mo wà níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọn ò béèrè ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Wọn ò béèrè kíláàsì tó wà. Ọmọ ọdún 6 ni o, Hausa ló fi ń ṣeré, wọ́n gbé e fún ìyá àgbà tí kò rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé ẹ̀.

Àwọn tó ń pariwo àṣà ìbílẹ̀ ò gbọ́ ọ dópin. Lóòótọ́, nínú ẹjọ́ Okwueze ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbà pé ọ̀pọ̀ àṣà ilẹ̀ wa fi ọmọ fún bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀lé e níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó rìjísírì, tiẹ̀ tún ṣe kedere: Matrimonial Causes Act ti 1970, abala 71, ní ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Child's Rights Act ti 2003 sọ bẹ́ẹ̀ náà, Plateau sì ti gbé e wọ òfin tiwọn.

Kí ni adájọ́ ń wò? Ọ̀dọ̀ ta lọmọ ti ń sùn? Ta ló mọ́ ọn lára? Ta ni yóò wà nílé tó bá ti sùkúù dé? Irú ìwà wo ni bàbá àti ìyá ń hù? Ọmọ tó bá ti gbọ́n díẹ̀, wọ́n lè bi òun alára. Owó nìkan kọ́ o! Bàbá tó ń san gbogbo owó sùkúù, tó wá jí ọmọ gbé lọ ní aago mẹ́rin ìdájọ́, kí ni lọ́yà rẹ̀ fẹ́ sọ nípa ìwà yẹn?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lóòótọ́, ọmọ tó kéré gan-an sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ìyá, àmọ́ kò sí òfin tó ní ìyá ló nì í láìbéèrè. Ìyá tó ní bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ lórí fóònù ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba ẹjọ́ ara ẹ̀ jẹ́. Tí ọmọ bá sì wà lọ́dọ̀ ìyá, bàbá ṣì ni bàbá: kóòtù á fún un láyè láti máa rí i, á sì ní kó máa san owó oúnjẹ. "Ẹni tó gbọ́mọ ni kó bọ́ ọ" kò sí níbẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn Mùsùlùmí wa tó ń sọ pé ọmọ bàbá ni. Nínú ìlànà Málíkì tí àwọn kóòtù Ṣàríà lókè ọya ń tẹ̀lé, ìyá ló ní ìtọ́jú ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bàbá ló ń gbọ́ bùkátà. Tí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí kì í ṣe ìbátan ọmọ, ó lè pàdánù rẹ̀. Ẹ lọ bi ààfáà yín.

Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ ń ṣèpàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fọwọ́ sí kíkó ọmọ lọ. Tí wọ́n bá gbẹ́jọ́ wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọmọ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa lọ sùkúù ẹ̀ títí kóòtù á fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún 6 yẹn ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní Yorùbá ẹ̀ ti já gaara. Ìyá ẹ̀ ò tíì rí i láti oṣù kẹjọ.