Ehoro Àgbà Kò Jẹun, Aládùúgbò Ti Gbé Ìkòkò Kaná

Ẹ fojú inú wo bàbá káfíńtà kan ní Àgùdà, ní Sùúrùlérè. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ. Ehoro kan ṣoṣo ló kù tó ń tẹ̀lé e káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti pé ọmọ ọdún méje. Àìsàn mú ehoro yìí, wọ́n tọ́jú rẹ̀, àìsàn lọ, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Aládùúgbò kan ní: "Bàbá, kí lẹ tún ń wò? Ẹ jẹ́ ká fi se ọbẹ̀ kó tó rù tán." Òmíràn ní: "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, bí ebi bá pa á dọ́la, á jẹun fúnra rẹ̀."

Ìmọ̀ràn ti ọbẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n ti "ẹ fi sílẹ̀" yẹn gan-an ló ń pa ehoro. Ehoro kì í ṣe ajá. Ajá lè sùn lébi kí nǹkan kan má ṣe é. Ìfun ehoro kò gbọdọ̀ dúró: koríko tó ń wọlé ló ń ti èyí tó ti wà nínú síwájú. Bí ehoro bá lo wákàtí 12 láìjẹun, ọ̀rọ̀ ti kan dókítà ẹranko. Bó bá di wákàtí 24, ewu ti wọlé tán. Afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, inú á máa run ún, inú rírun ọ̀hún kò sì ní jẹ́ kó fẹ́ rí oúnjẹ sójú. Ehoro kò sì lè bì.

Ẹ wo ilé rẹ̀ dáadáa. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kéré tàbí tó dá pátápátá, bó bá ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, tó ń payín keke, ara ń ro ó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Eyín ehoro kì í yéé gùn títí tó fi máa kú. Ti àgbàlagbà lè wọ́, kó máa gún un ní ahọ́n. Irú ehoro bẹ́ẹ̀ á sáré wá síbi oúnjẹ, á gbóòórùn rẹ̀, á sì tún padà sẹ́yìn. Kì í ṣe ìgbéraga o, ẹnu ló ń dùn ún.

Bí dókítà bá ti wò ó, ẹ wá fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ já ewé tútù fún un: ewé ọ̀dùnkún, yúnyun, àti ẹfinrin díẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un bó ṣe tutù kí omi lè bá a wọnú. Ẹ gbé omi sínú abọ́, kó má baà wá a tì. Kí koríko wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì, gàárì tàbí bisikí. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé píà, májèlé ni.

Bó bá ṣì kọ̀, tí dókítà sì ní kò séwu, ẹ rẹ oúnjẹ ehoro oníhóró sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fà á sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kẹ́ ẹ ti máa fún un, ní díẹ̀díẹ̀, kó jẹ ti àkọ́kọ́ tán kẹ́ ẹ tó fi òmíì sí i. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, oúnjẹ á bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ikùn rẹ̀ bá wú, tó le bí ìlù, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Dókítà ni kẹ́ ẹ gbé e sáré lọ bá.

Ẹ má sì ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì fún un. Ampicillin àti amoxicillin tí èèyàn ń gbé mì, bí ehoro bá gbé e mì, ó lè pa á. Á pa àwọn kòkòrò rere tó ń bá a lọ oúnjẹ nínú ìfun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òṣùwọ̀n lọ́jà, ẹ gbé e sínú agbọ̀n, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù tó ń gbóná àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tó tóbi, tó ṣe roboto, ẹ dúpẹ́: ìfun ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ti pé fún òmíràn, tí kò ní jẹun mọ́. Bó bá kú, ẹ wa ilẹ̀, kẹ́ ẹ sin ín. Ẹran tó kú sínú àìsàn, tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Aládùúgbò tó ti gbé ìkòkò kaná, kó lọ ra ẹja lọ́jà.