Àdúrà Àárọ̀, Màgòmágó Ọ̀sán: Ìgbàgbọ́ Nínú Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé kíkà àti ẹ̀sìn Kírísítì jọ wọlé ni. Nígbà tí ìtumọ̀ Lẹ́tà sí Àwọn Ará Róòmù tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1850, ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni ó ń gbìn. Ó ń gbin ìmọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ CMS sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí ń wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi náà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD láàárín ọ̀sẹ̀, tíṣà sì ni wọ́n ń pè é ní ibi méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ àwọn Kírísítẹ́nì ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó lónìí kò gbọdọ̀ wo inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ó yẹ kí ó yọjú sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ kò ṣeé fi yangàn. Bí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé bírò wá síwájú pẹpẹ fún àdúrà. Àdúrà kò burú. Ohun tí ó burú ni pé púpọ̀ nínú àwọn bírò wọ̀nyí ni a ó fi da ìdáhùn tí a fowó rà kọ. Òbí tí ó gbààwẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè san owó expo kí ilẹ̀ tó ṣú. Orúkọ tí a sọ ìwà náà tilẹ̀ burú ju ìwà náà lọ: ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń ta ìdáhùn ni àwọn ènìyàn ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, ibùdó iṣẹ́ ìyanu. Olè ti wọ ẹ̀wù àlùfáà.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jò síta débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ àwọn tí ń ṣe màgòmágó. Ní ọdún 1999, òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. JAMB gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015, ó sì ń fi ẹ̀rọ yẹ ìka ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Síbẹ̀, màgòmágó kò kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin lè di ọwọ́, ẹ̀rọ sì lè mọ ìka; kò sí èyí tí ó lè tún ọkàn ṣe nínú wọn. Ibi tí agbára òfin pin sí ni iṣẹ́ ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní àwíjàre. Wọ́n ní olùkọ́ kò tó, ìwé kò sí, gbogbo ayé ni ó sì ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá dá ṣòótọ́ ni yóò kẹ́yìn. Òótọ́ wà nínú àròyé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí a rẹ́ jẹ kò tipa bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ láti rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Àyè tí ó wà ní yunifásítì kò tó àwọn tí ń wá a. Ẹni tí ó jíwèé wò kí ó tó wọlé, orí àyè ọmọ ẹlòmíràn ni ó jókòó sí. Báwo ni ó ṣe fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀? Bí ó bá sì di nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà, aláìsàn àti afárá ni yóò bi í ní ìbéèrè tí kò ní expo. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bíbélì fúnra rẹ̀ kò ya àdúrà nípa sí iṣẹ́. Ọdún 3 ni a yàn fún Dáníẹ́lì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídíà, ní ilẹ̀ àjèjì, kí wọ́n tó dúró níwájú ọba fún ìdánwò. Wọ́n kọ oúnjẹ ọba nítorí ẹ̀rí ọkàn, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ẹ̀kọ́. Ọlọ́run fún wọn ní ìmọ̀. A kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni yọ́ ìdáhùn fún wọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Pásítọ̀ tí ń gbàdúrà sí bírò lè kọ́kọ́ béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kà. Olùkọ́ tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ lè kọ owó tí a ń dá fún alábòójútó ìdánwò, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ọ̀tá ilé-ẹ̀kọ́. Òbí lè gbà kí ọmọ tún ìdánwò ṣe, láìka ẹnu aládùúgbò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fi òótọ́ gba máàkì díẹ̀ mọ ibi tí òun kù sí, ó sì lè tún un kà. Èyí tí ó fi èrú gba máàkì púpọ̀ kò mọ̀. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ni kò sí níbẹ̀.